Mzoxolo Gqirhana, Òṣèré Tó Di Olùdarí Sinimá (1949–2019)

Ní abúlé kan lẹ́bàá Cala, ní orílẹ̀-èdè South Africa, ní oṣù kẹta ọdún 1949, ni a bí Bàbá wa, Mzoxolo Wiseman Gqirhana, ọmọ ìdílé Gatyeni, orúkọ tí a fi ń kì wọ́n. Sizakele, bàbá wọn, ń wa góòlù ní Johannesburg. Nofikile, ìyá wọn, ń dáko àgbàdo. Ní ọdún 1963, òkúta ya lu Sizakele nínú kòtò ìwakùsà, wọ́n sì kú. Bí ilé ẹ̀kọ́ ṣe parí fún Bàbá wa nìyẹn. Wọ́n gba New Brighton lọ, ní Port Elizabeth, wọ́n sì ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ táyà.

Gbọ̀ngàn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni eré ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ táyà máa ń péjọ síbẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé láti ṣeré. Ibẹ̀ ni Nomalungelo, tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ti rí wọn, wọ́n sì ṣègbéyàwó ní 1973.

Láti ọdún 1975 ni àwọn òyìnbó onísinimá ti ń ránṣẹ́ pe Bàbá. Olè, ọmọ ọ̀dọ̀, ẹni tí wọ́n máa yìnbọn pa: kò sí ipa mìíràn fún ènìyàn dúdú. Bí Bàbá bá ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n á pariwo láti ẹnu ọ̀nà pé, "Ìyá Lindelwa, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kú lónìí! Kí lo sè? Ebi ń pa òkú o!" Nofikile, ìyá wọn, tó ti wá ń bá wọn gbé, kì í rẹ́rìn-ín sí i. "Mzoxolo, má fi ikú ṣe iṣẹ́ jẹ."

Ní 1984, Bàbá ṣe ipa ẹni tó ń ta ará àdúgbò rẹ̀ fún ọlọ́pàá nínú sinimá kan. Wọ́n ṣe é dáadáa jù. Nígbà tí ìlú gbóná lọ́dún tó tẹ̀lé e, tí àwọn ènìyàn dúdú ń bá ìjọba òyìnbó jà, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé, "Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó báyìí, ó ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ni." Irọ́ ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní oṣù kọkànlá, tí Bàbá wà ní Johannesburg, àwọn ọ̀dọ́ ju ìgò pẹtiróòlù sínú ilé wọn. Màmá wa, Nomalungelo, gbé Vuyani, ọmọ wọn kékeré, jáde. Lindelwa, àkọ́bí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí ibà dá dùbúlẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn, kò jáde. Nígbà ìsìnkú rẹ̀, pásítọ̀ àti Nofikile nìkan ló dúró ti àwọn òbí rẹ̀. Àwọn aládùúgbò tilẹ̀kùn mọ́rí. A kò ní bo èyí mọ́lẹ̀ lónìí.

Bàbá wa kò ṣeré mọ́. Wọ́n ń bá àwọn oníròyìn ilẹ̀ òkèèrè ru ẹrù, wọ́n sì fi bẹ́ẹ̀ kọ́ iṣẹ́ kámẹ́rà. Ní 1997, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sinimá tiwọn, lórí àwọn tí àhesọ pa. Níbi tí wọ́n ti ń ya ìyá kan, awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Monwabisi tọ̀ wọ́n wá lójú títì. "Bàbá, èmi wà lára wọn."

Bàbá gbé àga fún un. Wọ́n bi í láti ẹ̀yìn kámẹ́rà pé, "Ṣé ẹ mọ̀ pé ọmọ wà nínú ilé?"

"A gbọ́ ohùn rẹ̀, Bàbá. A sá."

Àwòrán náà gbọ̀n níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń tò ó pọ̀, àwọn kan ní kí wọ́n gé ibẹ̀ kúrò. Bàbá kọ̀. "Ẹ jẹ́ kó gbọ̀n."

Wọ́n fi sinimá náà hàn nínú gbọ̀ngàn ìjọ. Màmá dìde ní àárín rẹ̀, wọ́n lọ dúró ní géètì. Wọ́n sọ fún Bàbá pé, "Ìwọ lo fún un lága. Èmi ò gbé àga kankan fún un." Bàbá ní, "Mo gbọ́, Nomalungelo." Bàbá kò bá Màmá jiyàn lórí rẹ̀ títí wọ́n fi kú. Wọ́n ṣe sinimá mẹ́rin sí i, wọ́n jẹ́ alàgbà ìjọ, wọ́n sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ New Brighton níṣẹ́ kámẹ́rà lọ́fẹ̀ẹ́. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ló mú wọn lọ ní oṣù kẹjọ ọdún 2019.

Wọ́n fi aya wọn sílẹ̀, àti àwọn ọmọ wọn, Vuyani àti Babalwa, àti ọmọ-ọmọ mẹ́rin.

Monwabisi bẹ̀bẹ̀ láti wà lára àwọn tí yóò gbé pósí. Màmá ní kí a kọ èsì àwọn síbí, kí ẹnikẹ́ni má ṣì wọ́n gbọ́: kí ó wá, kí ó dúró láàárín èrò, ṣùgbọ́n kí ó má fọwọ́ kan pósí náà.

Gatyeni, ilẹ̀ á dẹ̀ fún yín. Ẹ bá wa gbé Lindelwa mọ́ra.