Àwọn Iná Bàbá Tí A Tú ní Pálọ̀

Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́

Bọ̀dá Mìkáílù,

Ẹ kú òtútù ọ̀hún o. Mo kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ. Alihamudulilahi, ara wa le. Ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá ti wálẹ̀, a sì ti tún páànù tó ń jò ṣe.

Ẹ ní ká má fọwọ́ kan àwọn iná tí Bàbá so sí pálọ̀ nígbà tí wọ́n kọ́ ilé lọ́dún òmìnira, àwọn gíláàsì roboto onídẹ yẹn. A ti tú wọn. Ojoojúmọ́ ni Màmá ń sọ pé pálọ̀ ṣókùnkùn. A pààrọ̀ gílóòbù títí, wọ́n ní kò tíì tó. La bá ní iná àtijọ́ náà ló ti gbó, Jàmíù oníṣẹ́ iná sì so tuntun tó funfun báláú.

Nígbà tó tàn án lẹ́yìn ìrun màgàríbì, ṣe ni gbogbo wa fọwọ́ bojú. Màmá jókòó sábẹ́ rẹ̀ gan-an, wọ́n ní, "Ràódàt, ṣé wọn ò tíì mú iná wá ni?"

Mo ní wọn ò tíì mú un wá. Mo sì lọ fọ abọ́.

Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù, torí Màmá máa ń wà nítòsí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá dókítà ojú. Jàmíù máa dá iná Bàbá padà lọ́la.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Ó yẹ kí n kọ ọ́ pé ká fojú rinjú láyọ̀, ọwọ́ mi kọ̀. Ẹ tètè máa bọ̀.

Àbúrò yín,
Ràódàt