Imú Tí Mo Yá

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ọmọ-ọmọ mi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélé. Mo gbàgbọ́ pé ara yín le, nítorí ohùn rẹ já gaara lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Èmi náà wà dáadáa. Orúnkún nìkan ló ń ráhùn, kò sì tíì béèrè owó lọ́wọ́ mi.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka owó fún ọ, torí mo mọ̀ pé wàá bi mí. Ẹgbẹ̀ta ẹgbẹ̀rún ni mo kó jọ fún àtúnṣe òkè àjà, ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún ni mo sì ń kà á. Káfíńtà gba òjìlúgba. Òwú tuntun tó ń dá ooru dúró, tí a tẹ́ sókè àjà, jẹ́ ọgọ́sàn-án, páìpù gba ọgọ́ta, nẹ́ẹ̀tì ojú ihò atẹ́gùn gba ogójì. Ó ku ọgọ́rin, ó wà nínú agolo bisikí tí ìyá rẹ fi sílẹ̀.

Ọmọ mi, mo ti mọ ìdí tí o fi lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì lo ní ẹ máa lò lọ́dọ̀ mi, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹrin o ní ibi iṣẹ́ pè ọ́. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ tí ọmọ ń wúkọ́, mo rò pé omi tútù ló mu. O ò sọ pé ilé mi ń rùn, torí ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kì í wo ojú bàbá rẹ̀ kó sọ irú ẹ̀. O sì mọ̀ pé ọ̀dà tí mo fi gbogbo ayé mi pò ní ilé iṣẹ́ ti pa imú mi. Ìyá rẹ ló ń bá mi gbóòórùn. Òun ló máa ń sọ pé ọbẹ̀ ti ń jó, pé ṣẹ́ẹ̀tì yìí kò ṣeé wọ̀ jáde mọ́. Láti ìgbà tó ti papò dà, ojú àti etí nìkan ni mo fi ń gbé ilé yìí.

Aránṣọ, aládùúgbò wa, ló là mí lójú. O rántí pé a kì í kí ara wa láti ìgbà tí ògiri àárín wa ti wó, tó tún un mọ láìbi mí, tó wá ní kí n san ìdajì. Lọ́jọ́ kan ó dá mi dúró lójú ọ̀nà, ó ń béèrè owó rẹ̀. Mo ní n kò rán an níṣẹ́. Ó ní, "Ó dáa, ẹ fi owó náà ra ọṣẹ. Ilé yín ń rùn bí aṣọ tútù tí wọ́n gbàgbé sínú garawa. Bí mo bá fẹ́ ránṣọ, fèrèsé ọ̀dọ̀ yín ni mo kọ́kọ́ ń tì." Inú bí mi, mo wọlé, mo jókòó. Ìgbà náà ni ikọ́ ọmọ yẹn padà wá sí mi létí.

Mo bi àwọn èèyàn. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ fẹ̀yìn tì ní kò sí òórùn kankan. Ìyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ilé náà ń ta sánsán ni, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹnu ló fi ń mí. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi pa mí.

Mo bá pe káfíńtà. Kò pẹ́ tó gun àkàbà wọ òkè àjà tó fi ju òwú kan sílẹ̀ síwájú mi. O rántí òwú tí mo ní kí wọ́n tẹ́ síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá kí oòrùn má baà mú wa, kí owó iná lè wálẹ̀? Owó iná wálẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó tẹ́ ẹ tì í dé ìgbátí òrùlé, wọ́n fi dí gbogbo ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Páìpù tó yẹ kó gbé ooru ilé ìwẹ̀ jáde síta, inú àjà ló parí sí. Gbogbo ìgbà tí mo bá fi omi gbígbóná wẹ̀, inú òwú ni ooru rẹ̀ ń lọ sùn. Nígbà tí mo fún un, omi ń ro. Ó ti bu bíi búrẹ́dì tó ti pẹ́.

Káfíńtà kó gbogbo rẹ̀ dànù. Ó fa páìpù yọ lórí òrùlé, ó ṣí àwọn ihò náà, ó fi nẹ́ẹ̀tì sí wọn nítorí ẹyẹ àti eku. Ó jẹ́ kí pákó gbẹ dáadáa kó tó tẹ́ òwú tuntun, kò sì jẹ́ kó kan ìgbátí.

Ó wá ku ẹni tí yóò gbóòórùn. Wọ́n ní ọ̀tá ẹni kì í pa òdù ọ̀yà. Bí ẹni tí kò fẹ́ yìn mí bá ní kò rùn, a jẹ́ pé kò rùn nìyẹn. Mo dé fìlà, mo lọ bá Aránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo ní mo wá yá imú rẹ̀. Ó wò mí lókè awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Imú mi kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹ kọ́kọ́ gbà pé ẹ jẹ mí lówó ògiri." Ọmọ mi, mo gbà. Kò sí ọ̀rọ̀ tó ṣòro bẹ́ẹ̀ fún mi láti sọ lọ́dún yìí.

Ó wá tòun ti téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn. Ó fi imú wá yàrá kọ̀ọ̀kan kiri bí ajá tó sọ eegun nù. Ó gbóòórùn tìmùtìmù, ó gun àkàbà, ó ki orí bọ àjà. Mo di àkàbà mú. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún fín imú lẹ́ẹ̀kan sí i, inú rẹ̀ kò dùn. Ó ní, "Kò rùn." Ó wá wo ojú fèrèsé. "Ṣùgbọ́n ta ló rán kọ́tìnnì burúkú yìí?"

Mo po tíì fún un. Lọ́jọ́ kejì ó padà wá, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá òórùn náà ti dé. Báyìí, ìrọ̀lẹ́ kan kì í kọjá kó má wá. Á jókòó sórí àga ìyá rẹ, á béèrè owó ògiri, á fín imú, á bú kọ́tìnnì. Lánàá ó ká a lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní ojú òun kò lè gbà á mọ́.

Nítorí náà, ẹ máa bọ̀ ní ìsinmi. Bí o bá gbọ́ òórùn bó ti wù kó kéré mọ, sọ fún mi lójú mi, má fi ọ̀wọ̀ bò mí mọ́lẹ̀. Kí àyà ọmọ náà máa mí fúyẹ́. Kí ilé rẹ tù ọ́ lára, kí o má ṣe wá ẹni tí yóò sọ òótọ́ fún ọ tì.

Èmi ni bàbá rẹ tí kò lè gbóòórùn,
tó ń wo ojú ọ̀nà.

Àfikún: Àádọ́rin ni owó ògiri. Ọgọ́rin sì wà nínú agolo, mo lè san án lónìí kó ṣẹ́ ku mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo bá san án, kí ni Aránṣọ yóò ní òun wá ṣe nílé mi? Mo ṣì jẹ ẹ́ ní àádọ́rin.