Ìka Tí Mo Yá Lọ́wọ́ Bọ́láwálé

Abà Ògúnníyì,
Lẹ́bàá Oǹdó.

Wúràọlá, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí Peculiar ọmọ yín. Ṣé àlàáfíà lẹ wà, ṣé ọ̀wọ́n oúnjẹ ò tíì lé yín kúrò ní Ìjàpọ̀? Olúwa tó ń bọ́ ẹyẹ oko kò ní gbàgbé yín. Ìyá rẹ wà láàyè, ṣùgbọ́n kò jẹun láti àná, ọ̀rọ̀ oko kòkó wa ló fà á, jọ̀wọ́ jókòó kí o tó kà á.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí kòkó ti gbówó lórí ni àwọn olówó Oǹdó ti ń já wọ inú oko bí ẹni tó sọ nǹkan nù síbẹ̀. Lóṣù tó kọjá, àwọn kan gbé ẹ̀rọ wá síwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n ní kí gbogbo àgbẹ̀ wá tẹ̀ka, kí ẹ̀rọ lè mọ ẹni tó ni oko kọ̀ọ̀kan. Mo wẹ̀, mo wọ agbádá mi, torí mi ò fẹ́ kó fojú ẹni tí kò ní láárí wò mí. Mo tẹ̀ ẹ́, ó tan iná pupa. Mo kí i, mo tún tẹ̀ ẹ́, pupa náà ni. Ọmọbìnrin tó ń lò ó ní ìka mi ò ní ìlà mọ́, àdá àti kòkó fífọ́ ti ha á dànù. Ti ìyá rẹ náà, pupa.

Ibẹ̀ ni Bọ́láwálé tó ni ilé epo ojú títì ti sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, iná aláwọ̀ ewé tàn! Ọwọ́ tí kò di àdá mú rí. Mo bá bẹ̀ ẹ́ kó yá mi ní ìka, bí àwa àgbẹ̀ ṣe ń ṣe àáró, kó bá mi tẹ̀ ẹ́ lónìí, èmi á bá a roko lọ́la. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà, ó tẹ̀ ẹ́ sórí oko wa, ó tún ra búrẹ́dì fún wa. Mo gbàdúrà fún un títí ẹnu mi fi gbẹ.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo bá àwọn òṣìṣẹ́ lóko, wọ́n ń ká kòkó, wọ́n ní Bọ́láwálé ló rán àwọn. Mo ní áà, ọkùnrin yìí mà mọ àáró o, mo sun iṣu fún wọn. Àfi ìgbà tí wọ́n kó kòkó sínú ọkọ̀, ó di ilé Bọ́láwálé. Mo tọ̀ ọ́ lọ pé kó wá mú ìka rẹ̀ kúrò lórí oko mi. Ó fi fóònù hàn mí, ojú rẹ̀ ló wà lókè, oko wa ló wà nísàlẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ kì í purọ́, pé bí a bá fẹ́, ká máa bá òun ṣiṣẹ́ níbẹ̀, òun á máa fún wa ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Nínú oko tí bàbá mi gbìn! Mo ti fọwọ́ ara mi ṣe ara mi. Inú ń bí mi, ọmọ mi, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Àwọn ẹlẹ́rọ ń padà bọ̀ ní Fúráìdè. Wọ́n ní ẹni tó bá ní àròyé kó mú ẹlẹ́rìí wá, kó sì mú ọmọ rẹ̀ tí ìka rẹ̀ ṣì ní ìlà, lẹ́yìn ìyẹn, ó parí. Jọ̀wọ́, wá. Má fọ aṣọ, má fọ ìkòkò, kí ọkọ rẹ bá ọ fọ̀ ọ́. Nínú ọkọ̀, ki ọwọ́ rẹ bọ àpò, kí ẹnikẹ́ni má yá a. Bí owó bá wà, mú díẹ̀ dání, torí àwọn ẹlẹ́rìí á jẹun, gbàgùúdá nìkan ló sì kù nílé.

Ọlọ́run á mú ọ dé láyọ̀, ohun tó jẹ́ tìrẹ kò ní di ti ẹlòmíì. Gbogbo ìlà ọwọ́ èmi àti ìyá rẹ ló ti bá owó ilé-ìwé rẹ lọ. Tìrẹ nìkan ló kù nínú ilé yìí tí ẹ̀rọ lè rí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Rufus Adépọ̀jù.