Limi Kọ Oúnjẹ

Ilé Luhende,
Kisesa, Mwanza.
15 Oṣù Kẹfà, 1998.

Milembe, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà ní Shinyanga? Ìyá rẹ ńkọ́, ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ńkọ́? Àbúrò rẹ ti ń rákò? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Limi, òjòlá tí Bàbá Àgbà fi ń jó, ni kò jẹ́ kí n tètè kọ̀wé.

Ohun tí mo rí láàárọ̀ Ọjọ́rùú nìyí: adìyẹ tí a sọ sínú yàrá fún un ṣì wà láàyè, ó tilẹ̀ ti yé ẹyin sórí ẹní rẹ̀. Omi inú àwo kò dín. Limi ti kúrò lórí ẹní, ó ká jọ síbi tí oòrùn ń gba ojú fèrèsé wọlé sí. Mo gbọ́wọ́ lé e. Ó tutù bí ìkòkò omi. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún rèé tí kò jẹun.

O rántí pé inú ilé ìdáná Ìyá Àgbà ló ń gbé tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a parí ilé páànù, Bàbá Àgbà ní ẹni tó ń gbé orúkọ ẹgbẹ́ oníjó wa ga kò gbọdọ̀ sùn nínú èéfín mọ́, ni wọ́n bá fún un ní yàrá àlejò, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. Nígbà tó kọ oúnjẹ, wọ́n ní ẹnìkan ló ṣẹ̀ ẹ́, kí kálukú lọ bẹ̀ ẹ́. Nkwimba, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi Jilala, jẹ́wọ́ pé òun pè é ní okùn màlúù rí. Síbẹ̀, kò jẹun.

Jilala ní ká fi igi la ẹnu rẹ̀, ká ti ẹran bọ̀ ọ́, torí Bulabo, ìdíje ijó ọdọọdún, ku ọjọ́ mẹ́rin, ẹgbẹ́ Bagika tí à ń bá díje sì ti ń sọ kiri pé òkú là ń tọ́jú. Ó ti gé igi, ó ń fọ̀bẹ dán an. O mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ láàárín àgbà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí pé igi yẹn á pa á.

"Bàbá Àgbà, kò bínú. Òtútù ló ń mú un."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ọwọ́ mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ dúró sórí sìmẹ́ńtì yẹn."

Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n dúró. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Jilala ní ká kúkú rán kóòtù fún ejò. Ìyá Àgbà ní kó gbé igi ọwọ́ rẹ̀ wá, àwọn á fi dáná. Wọ́n ní òtútù kì í wọnú kí oúnjẹ tún wọ̀ ọ́.

A gbé Limi padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Èmi ni mo ń ṣọ́ ọ kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Nígbà tó fi di àná, ọjọ́ ijó, ó ti ń yọ ahọ́n, ó ń gbórí sókè. Jilala gbé aṣọ ijó dé, ó ní ara Limi ti yá, ká máa lọ. Adìyẹ wà lọ́wọ́ Bàbá Àgbà. Gbogbo wa la mọ̀ pé bó bá jẹ ẹ́, a ò lè gbé e jó fún ọ̀sẹ̀ kan; bí a bá gbé e, yóò bì í ni. Ó ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí Bàbá Àgbà kò pa Bulabo jẹ rí. Wọ́n wo Limi títí. Wọ́n ju adìyẹ náà sí i. Kí omi orí iná tó hó, ó ti gbé e mì.

"Jilala," ni Bàbá Àgbà wí, "lọ sọ fún ẹgbẹ́ pé àlejò mi ń jẹun lọ́wọ́."

Bá mi kí ìyá rẹ. Bí o bá sọ fún wọn pé Bàbá Àgbà kò lọ sí Bulabo, wọn ò ní gbà ọ́ gbọ́. Orí àpótí ni Bàbá Àgbà jókòó sí lánàá, ìlẹ̀kẹ̀ ijó lọ́rùn, à ń gbọ́ ìlù láti Bujora níbi ijó, ẹsẹ̀ wọn ń jó nílẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ sinmi, ó kan àwọn láti ṣọ́ ọ. Agogo méjì ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fẹ̀yìn lélẹ̀.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́ ni,
Nshoma.