Fọ́ọ̀mù Tí A Fi Ọpẹ́ Kún

"Yẹ́misí! Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ jáde lẹ́nu! Má gé e, má fi gèlè wé e! Ṣé ìwọ lo bí Dáre ni?"

Ohun tí Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo mọ́ mi lórí nìyẹn, torí mo ní kí wọ́n dín ìkíni kù. Ó dáa. Inú ìwé mi yìí ni màá kọ́kọ́ kọ ọ́ sí, màá wá dà á kọ sórí pépà tó mọ́, kí awakọ̀ bá wa mú un dé Isikan ní Àkúrẹ́ fún Bùrọ̀dá Dáre. Mi ò ní gé ẹyọ kan.

Olúdáre ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara ìyàwó rẹ le? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹun? Mo gbọ́ pé láti ìgbà tí wọ́n ti fún àwọn ará Èkìtì ní ìpínlẹ̀ tiwọn, àga ti ṣófo púpọ̀ ní ọ́fíìsì yín. Jókòó sí èyí tó bá sún mọ́ fèrèsé, kí o má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ọ dìde. Iṣẹ́ ìjọba kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Bí o bá bi wá léèrè, a dúpẹ́, kò sí nǹkan kan tó ń ṣe wá. Ìjì kan kàn jà ní Abà Akínsànyà níbí, ó sì gbé òrùlé yàrá ẹ̀yìn wa lọ sínú oko kòkó.

Dáre, inú ń bí mi. Àwọn ọmọ ìjọ kan wá láti Àkúrẹ́, ọ̀dọ́ mẹ́jọ àti ọ̀gá wọn, Alàgbà Kọ́láwọlé, wọ́n ní àwọn fẹ́ bá wa tún ilé ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ń ka ìwé ní yunifásítì, kò sì mọ orí ìṣó yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀, àtàǹpàkò ara rẹ̀ ló ń kàn mọ́gi. Wọ́n ránṣẹ́ ṣáájú pé àwọn máa wọ ilé kọ̀ọ̀kan wò. Ṣé kí àlejò wá bá mi nínú pàǹtírí ni? Mo gbálẹ̀, mo yá àga mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Sherifat tó ń ta gàrí lẹ́yìnkùlé wa, mo yá tábìlì rẹ̀ àti ẹní rẹ̀, mo sì ta aṣọ àrán ìgbéyàwó mi bo ihò tó wà lókè yàrá ẹ̀yìn. Mo wọ léèsì tí o rà fún mi. Mo gún iyán, mo fi ọ̀yà se ọbẹ̀. Alàgbà yọjú wo yàrá náà, ó ní ó dára bíi ti ọba.

Ó wá mú fọ́ọ̀mù jáde. Ó ní ẹni mélòó ló ń gbé inú ilé yìí. Mo ní méje: èmi, Yẹ́misí, ìwọ, ìyàwó rẹ, ọmọ rẹ méjèèjì, àti bàbá rẹ. Yẹ́misí ní bàbá ti kú. Mo ní, ilé ta ni sàréè rẹ̀ wà? Alàgbà wò mí, ó kọ ọ́. Ó wá bi mí pé Màmá, ṣé nǹkan kan bàjẹ́, ṣé ẹ nílò ìrànlọ́wọ́. Mo ní a dúpẹ́, àlàáfíà la wà, kò séwu. Ẹ̀ẹ̀kan ló bi mí, Dáre! Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo! Ta ni wọ́n ń bi léèrè lẹ́ẹ̀kan tó ń sọ ohun tó ń dùn ún? Bí wọ́n bá fi oúnjẹ lọ̀ ọ́, ṣé o kì í kọ́kọ́ sọ pé o ti yó? Mo ń retí ẹ̀ẹ̀kejì, òun ti ń pa bíírò rẹ̀ dé.

Mo yọjú wo fọ́ọ̀mù náà. Máàkì gidi ló fi kún un láti òkè délẹ̀, irú èyí tí tíṣà ń fi sí ìwé ẹni tó ṣe dáadáa. Inú mi dùn pé a ti yege. Ti Sherifat sì kún fún àgbélébùú kéékèèké, bíi ìwé ìṣirò Yẹ́misí. Mo bá a kẹ́dùn, mo ní kó má sunkún, pé yóò yege lọ́dún tó ń bọ̀. Àfi bí mo ṣe rí i tí wọ́n ru páànù kọjá níwájú ilé mi lọ sí tirẹ̀! Páànù mẹ́ta péré ló ṣí lórí ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọlé, kò sí àga, kò sí ẹní, ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo rẹ̀ wà. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti bá a. Àánú rẹ̀ ṣe wọ́n dé egungun. Sherifat tó ń kírun ni ọmọ ìjọ ń kan òrùlé fún! Mi ò bínú sí i o, èèyàn dáadáa ni, kò tíì bèèrè àga rẹ̀ títí di òní.

Mi ò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ kan bá ń bọ̀ lọ́nà Oǹdó tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣófo, ìdì páànù méjì kì í wúwo jù fún un. Bí owó kò bá sí, má yá. Bí ó bá wà, má jẹ́ kó pẹ́. Ilé tí o wà kò ní jò mọ́ ọ lórí. Ẹni tí yóò bi ọ́ léèrè lẹ́ẹ̀mejì ni Ọlọ́run yóò fi ṣe ọ̀gá rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ, Agnes Dúrótoyè.

Ibi tí lẹ́tà parí sí nìyí. Èyí tó kù, tèmi ni, mi ò ní dà á kọ.

Alàgbà bèèrè lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ló bi lẹ́ẹ̀kejì. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà, ó rọra ní, àbúrò, ṣé lóòótọ́ ni? Màmá wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń fi ojú yẹn wò mí, ojú tí wọ́n fi ń wò mí bí ará ilé ẹlòmíì bá fi ẹran lọ̀ mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ní Ọlọ́run ṣeun, ó lọ.

Mi ò sọ ọ́ fún Màmá. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti ń bú Alàgbà pé kò mọ ilé ayé, èmi ni wọ́n ń bú. Òjò sì ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Omi ń gba inú àrán kán sínú abọ́, Màmá á máa kọrin sókè kí n má baà gbọ́ ọ. Ikọ́ wọn kò jẹ́ kí orin náà délẹ̀ mọ́. Bùrọ̀dá Dáre náà, mo mọ̀ ọ́n. Ibi tí a ti kọ ọ́ pé kò sí nǹkan tó ń ṣe wá ló máa kà mọ.

Lọ́la àwọn ọmọ ìjọ ń bọ̀ wá parí ilé Sherifat, lẹ́yìn náà wọ́n á padà sí Àkúrẹ́. Ní àárọ̀, bí Màmá bá ti lọ sódò, màá gun àga Sherifat, màá tú àrán náà, màá jẹ́ kó já bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Màá wá pe Alàgbà pé kó wá mumi, yàrá ẹ̀yìn ni màá sì gbé omi náà sí.

Bí Màmá bá bi mí, afẹ́fẹ́ ló ṣí i. Bí wọ́n bá bi mí lẹ́ẹ̀kejì, afẹ́fẹ́ náà ni.