Èènì Ni, Kì í Ṣe Tẹ́tẹ́: Sí Màámi ní Òkèihò

Màámi, ẹ kú ilé o. Èmi Moréníkẹ́ ni mo kúnlẹ̀ láti Mowe tí mò ń kí yín. Ẹ bá mi kí Bàbá Àgbà, ẹ ní mo gbọ́ pé orúnkún wọn ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀, kí Ọlọ́hun túbọ̀ fún wọn lókun. Ẹ bá mi kí Àǹtí Ràfátù àtàwọn ọmọ wọn, ẹ kí gbogbo ìyàwó ilé, ẹ sì kí Táíwò àbúrò mi, tí yóò ka lẹ́tà yìí sókè fún yín. Ẹ̀yin Bọ̀dá Múfù, àbúrò ìyá mi, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dìde, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Mo mọ̀ pé lẹ́tà kì í ṣe nǹkan tí ọmọ ayé ìsinsìnyí ń kọ mọ́. Fóònù wà. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá pè yín, Màámi, láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, ẹ ó ṣàdúrà fún mi, ẹ ó béèrè àwọn ọmọ, bí mo bá wá fẹ́ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ẹ ó ní irú rẹ̀ kọ́ là ń sọ lórí fóònù, ẹ ó sì gbé e fún Táíwò. Iwájú ilé wa ni Bọ̀dá Múfù ti sọ ọ́, lójú tẹbítọ̀rẹ́, pé Moréníkẹ́ ti di onítẹ́tẹ́ ní Mowe. Iwájú ilé náà ni mo fẹ́ kí wọ́n ti ka èsì rẹ̀, lẹ́yìn ìrun alásárì, nígbà tí gbogbo yín bá ti jókòó tán. Mo tún ti fún àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Òkèihò tó wà níbí ní ẹ̀dà kan, kí wọ́n fi sínú ìwé ìròyìn wọn. Ọ̀rọ̀ tó ti dé etí gbogbo ayé, kí la tún fẹ́ bò nínú rẹ̀?

Ara wa le. Òjò ọdún yìí kò fi jẹ́jẹ́ rọ̀ rárá. Tó bá ti rọ̀ fún wákàtí kan péré, ẹrẹ̀ Mowe á gba bàtà kan lẹ́sẹ̀ èèyàn, á sì máa béèrè èkejì. Ọlọ́kadà kì í wọ àdúgbò wa mọ́ nígbà náà, ẹsẹ̀ la fi ń rìn jáde dé títì márosẹ̀. Mo ní bàtà òjò aláwọ̀ ewé kan tí gbogbo oníbàárà fi ń dá mi mọ̀ láti òkèèrè. Bàbá Àmínà, ọkọ mi, ń bá iṣẹ́ fèrèsé gíláàsì wọn lọ. Ilé tí wọ́n ń kọ́ ní ẹ́sítéètì OPIC, lápá Ìṣẹrí, kò tán, iṣẹ́ tiwọn náà kò sì tán. Àmínà ti wà ní kíláàsì kẹta, ó ti ń fi òyìnbó tún ọ̀rọ̀ mi ṣe.

Ẹ ó rántí bí mo ṣe máa ń sunkún sí yín létí ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo dé ibí. Gbogbo ilé ló ní fẹ́ǹsì, gbogbo fẹ́ǹsì ló ní géètì. Àwọn èèyàn á ti lọ sí Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́, ó di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó dé, wọ́n á ti géètì. Odindi ọdún kan ni n kò fi gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fi oríkì mi, Àbẹ̀kẹ́, pè mí. Tí mo bá ń fọṣọ, màá máa dá sọ̀rọ̀ bíi pé Àǹtí Ràfátù jókòó tì mí, màá bi wọ́n léèrè, màá tún bá wọn dáhùn. Ọjà ìkòkò ló yọ mí nínú rẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé ìkòkò, abọ́, kúlà àti fláàsìkì ni mò ń tà, ṣùgbọ́n n kò ní ṣọ́ọ̀bù. Pálọ̀ àwọn oníbàárà ni ṣọ́ọ̀bù mi. Obìnrin kan á gbà pé kí n wá sílé òun lọ́jọ́ Àìkú, á pe aládùúgbò mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá. Èmi á gbé ẹrù mi dé, màá gbé ìkòkò kan ka iná gáàsì, màá se oúnjẹ nínú rẹ̀ lójú wọn. Wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á yẹ ìdí ìkòkò wò pé kò jóná, wọ́n á rà. Ìpàdé ìkòkò ni wọ́n ń pè é. Obìnrin tó ti gbé àdúgbò fún ọdún mẹ́ta tí kò mọ orúkọ ẹni tí wọ́n jọ pín fẹ́ǹsì, inú irú pálọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń mọra.

Àlájà Ṣìkírátù ní Ìbàfò ló kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fún mi. Ọmọ bíbí ibẹ̀ ni wọ́n, wọ́n ti ṣòwò kí títì tó fẹ̀ tó báyìí, àwọn ni olórí àwọn obìnrin àsàlátù àdúgbò wọn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ti bi mí ní oríkì mi, láti ọjọ́ náà ni wọ́n sì ti ń fi pè mí. Màámi, ẹ má jowú o, ìyá ni wọ́n jẹ́ fún mi níbí.

Ó wá di ìgbà kan tí gbogbo nǹkan gbówó lórí, ọjà kò wá yá mọ́. Àwọn obìnrin á wá, wọ́n á jẹ, wọ́n á yin ìkòkò, wọ́n á sì máa lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń tajà yìí ní ẹ̀bùn ni kí n fi kún un. Ó ní kí n jẹ́ kí wọ́n máa mú ìwé pélébé nínú abọ́, kí ẹni tó bá ṣe oríire gbé kúlà ńlá lọ sílé, mo máa rí bí èrò ṣe máa pọ̀. Mo wo kúlà náà, mo wo owó tí mo fi rà á, mo wá ní kí n má baà gbé gbèsè, kí olúkúlùkù san igba náírà lórí ìwé kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti kọsẹ̀. Èmi ọmọ ilé-kéwú, tí ẹgba áfà ti kọ́ lọ́gbọ́n, mo gbé e ṣe tán kò sì tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé nǹkan kan wà níbẹ̀.

Èrò pọ̀ lóòótọ́. Pálọ̀ Àlájà kún dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá Rídíwàn, aládùúgbò wọn, nìkan ra ìwé mẹ́wàá. Ọjọ́ náà ni ẹ̀yin Bọ̀dá Múfù ń ti Èkó bọ̀, tí mo ní kí ẹ yà bá mi níbẹ̀ kí ẹ lè gbé ẹrù Màámi lọ. Ìgbà tí mò ń mi ìwé nínú abọ́, tí àwọn obìnrin ń pariwo orúkọ ara wọn, lẹ wọlé. Ẹ jókòó, ẹ jẹ ìrẹsì abọ́ méjì, ẹ sì gbé ẹrù Màámi lọ. Obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó wá láti Òkè-Aró, tí ìwé ẹyọ kan péré wà lọ́wọ́ rẹ̀, ló gbé kúlà lọ. Ìyá Rídíwàn fajú ro, ó pòṣé, kò ra ṣíbí kan.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ní àsàlátù, wọ́n bi Àlájà lójú gbogbo ẹgbẹ́ bóyá òótọ́ ni pé wọ́n ta tẹ́tẹ́ nínú pálọ̀ tí wọ́n ti ṣe wòlímọ̀ ọmọ wọn. Àlájà ránṣẹ́ pè mí. Wọn kò jágbe mọ́ mi. Wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ọjà ni mo ní kí o wá tà. Tẹ́tẹ́ lo ta."

Ohùn kékeré kan ló wà láàárín tà àti ta, Màámi. Lọ́jọ́ mìíràn ì bá pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n ní títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi mọ́, kí ẹrù mi má wọ ilé àwọn mọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni fláàsìkì dé. Mo ti fi rán Bọ̀dá Múfù sí yín kí ẹ lè máa rí omi gbígbóná fi ṣe àlùwàlá àsùbáà nígbà ọyẹ́, torí mo mọ bí omi Òkèihò ṣe máa ń ta èèyàn lọ́wọ́ lásìkò náà. Awakọ̀ tó máa ń ná Òkèihò sí ibí ló gbé e padà wá fún mi, nínú páálí rẹ̀, ẹ kò tilẹ̀ já a. Ó ní ẹ ní kí òun sọ fún mi pé ẹ kò ní fi omi inú nǹkan tí owó tẹ́tẹ́ rà kírun. Ó dùn mí gan-an. Mo gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń sunkún, Àmínà ń bi mí ta ló kú. Mo ti ra fláàsìkì náà kí ọ̀rọ̀ ìwé tó dé rárá, ṣùgbọ́n n kò lè fi ìyẹn rán awakọ̀ sí yín. Ọmọ kì í gba ẹnu awakọ̀ bá ìyá rẹ̀ jiyàn.

Mo wọ bàtà òjò mi, mo ń ti ojúlé dé ojúlé, mo ń dá igba náírà oníkálukú padà. Àwọn kan fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n lọ fi ra búrẹ́dì, mo ní rárá, kí wọ́n gbà á. Ìyá Rídíwàn gba ẹgbàá náírà tirẹ̀ kíákíá, ó ní òun kò kúkú bínú tẹ́lẹ̀. Obìnrin Òkè-Aró ti ń gbé kúlà náà bọ̀ níta láti dá a padà kí n tó parí ọ̀rọ̀ mi. Àlájà bá mi bi áfà wọn. Áfà ní nígbà tí owó ti padà sọ́wọ́ àwọn tó ni ín, bí mo bá fi tinútinú yọ̀ǹda kúlà náà, ó ti di ẹ̀bùn. Mo yọ̀ǹda rẹ̀. N kò ní purọ́, ó dùn mí díẹ̀, nítorí kúlà ńlá ni.

Ìgbà tí mo wá jókòó tí mò ń ronú bí màá ṣe rí àwọn oníbàárà mi kó jọ padà, ọwọ́ yín ni mo rí. Tí ẹ bá ń ta ẹ̀gúsí, ẹ ó wọn kóńgò dé orí, ẹ ó tún wá fi ọwọ́ bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ yín. Mo bi yín nígbà kan pé kí ló dé tí ẹ ń fi ọjà tọrẹ. Ẹ ní kì í ṣe ọrẹ, èènì ni, òun ló ń sọ fún oníbàárà pé kó padà wá. Èmi gba owó lápò gbogbo èèyàn, mo fi fún ẹnì kan. Ẹ̀yin ń mú nínú tiyín, ẹ ń fún gbogbo wọn. Mo kọ́ ọ lójú yín fún ọdún méjìdínlógún, mo sì gbé e sílẹ̀ ní Òkèihò nígbà tí mò ń di ẹrù.

Ìyẹn nìkan kọ́. Níbí, tí ẹ bá ní ẹ̀bùn ọ̀fẹ́ ni, àwọn mìíràn á fà sẹ́yìn, wọ́n á ní ta ló mọ ohun tó fẹ́ fi gbà lọ́wọ́ àwọn. Ẹ wá ní èènì ni, wọ́n á na ọwọ́, wọ́n á tún ní ó kéré. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Àlájà, wọ́n rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ náà, wọ́n ní kí n gbé ẹrù mi máa bọ̀.

Báyìí, ẹni tó bá gbà wá lálejò ní èènì tirẹ̀, ẹni tó bá rajà ní tirẹ̀, ẹni tó mú aládùúgbò tuntun wá náà ní tirẹ̀. A sì ṣì ń díje. Ìrẹsì Ọ̀fàdà ni mo fi ń dán ìkòkò wò, ẹ sì mọ̀ ọ́n pẹ̀lú òkúta inú rẹ̀. Mo ń bu ún sórí àtẹ fún wọn, ẹni tó bá ṣa òkúta jù ló ń gba asẹ́ tàbí ṣíbí. Mo kọ́kọ́ bi Àlájà. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó san kọ́bọ̀, ọwọ́ ẹni la fi ṣiṣẹ́, iṣẹ́ kì í ṣe tẹ́tẹ́. Àwọn fúnra wọn ń wọ awò ojú jókòó ti àtẹ. Ìyá Rídíwàn ti gba asẹ́, ó ti gba ṣíbí méjì, apá kò ká a mọ́. Èmi ń rí ìrẹsì mímọ́ sè lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n rò pé èmi ni mò ń ṣe wọ́n lóore. Ọmọ Àlájà tó wà ní Ifọ̀ náà ti ní kí n máa bọ̀ ní pálọ̀ tiwọn. A kò tíì lówó, ṣùgbọ́n owó iléèwé Àmínà ti wọlé, ọkàn mi sì balẹ̀. Inú mi dùn níbí, Màámi. Ó yẹ kí n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún yín tipẹ́.

Bọ̀dá Múfù, n kò bínú sí yín. Ohun tí ẹ rí lẹ sọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe sọ ti tẹ́tẹ́, ẹ bá mi sọ ti abọ́ ìrẹsì méjì yẹn náà.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa, Màámi, kí ẹ jẹ iṣẹ́ ọwọ́ wa kalẹ́. Kí ilé wa má ṣófo, kí ọyẹ́ ọdún yìí rọrùn fún àwọn àgbà. Ẹ bá mi kí gbogbo ẹni tó bá béèrè mi, àti ẹni tí kò béèrè.

Awakọ̀ ọjọ́ náà ló gbé lẹ́tà yìí, fláàsìkì wà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. N kò tà á, n kò lò ó, inú páálí rẹ̀ ló ṣì wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ fi èsì ránṣẹ́. Ọjọ́ Ẹtì ni awakọ̀ máa padà dé, màá ti dúró dè é létí títì. Tó bá dé lọ́wọ́ òfo, mo ti gbọ́ èsì yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Moréníkẹ́ Àbẹ̀kẹ́.