Ère Íjíbítì tí bàbá mi ní kí n fi sí pósí àwọn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará page yìí, ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti ọdún tó kọjá, kò ṣe é gbé mì, kò ṣe é pọ̀ jáde. Admin, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́, àwọn ọmọ ìjọ wa pọ̀ níbí. Mo já bàbá mi kulẹ̀ lọ́jọ́ tí a sin wọ́n, ẹlòmíì ló sì ń jìyà rẹ̀. Èmi ni àkọ́bí wọn, obìnrin ni mí.

Tíṣà history ni Bàbá ní Iléṣà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí ohun tí wọ́n fẹ́ràn bí ọ̀rọ̀ àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ àti ẹrù tí wọ́n ń kó sínú ibojì... ìkòkò tí wọ́n ń kó ìfun òkú sí, bẹ́ẹ̀dì, ọkọ̀ ojú omi kékeré, búrẹ́dì pàápàá. Nígbà tí Bàbá lọ Jerúsálẹ́mù, wọ́n gba Cairo kọjá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ra ère kan tí kò ju ìka mi lọ, àwọ̀ ewé, ó káwọ́ lé àyà, ó di ọkọ́ mú. Kì í ṣe ojúlówó o, èyí tí wọ́n ń ṣe fún àlejò ni. Bàbá ní irú rẹ̀ ni wọ́n ń sin mọ́ àwọn ọlọ́lá nígbà náà, pé tí wọ́n bá pe òkú síṣẹ́ oko lọ́run, ère yẹn ló máa dáhùn pé èmi nìyí, tí á sì lọ ṣe é. Oko kòkó ní Ìwàrà ni Bàbá dàgbà sí, ẹ̀yìn ń dùn wọ́n títí dọjọ́ ikú. Wọ́n á máa fi rẹ́rìn-ín fún mi pé oko tí àwọn ro láyé ti tó.

Ní ọsibítù ni wọ́n ti fà á lé mi lọ́wọ́. Lọ́jọ́ yẹn wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n fi sí àtẹ́lẹwọ́ àwọn nínú pósí, kí n má sọ fún Màmá, torí Màmá máa ní òrìṣà ni. Mo ṣèlérí.

Láàárọ̀ ìsìnkú, èmi àti ìyàwó àbúrò mi, ẹ jẹ́ ká pè é ní Bọ́lá, la wọṣọ fún Bàbá ní mọ́ṣúárì. Bọ́lá jáde, mo fi áńkáṣíìfù wé ère náà, ọwọ́ mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú pósí... ni àwọn ìyá ìjọ bá wọlé. Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé kí ni mo mú dání yẹn. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ilé wa. Obìnrin tí wọ́n bá rí tó ń ki ohun tí wọ́n fi aṣọ dì sínú pósí bàbá rẹ̀, ta ló máa gbọ́ pé history ni? Oògùn ni wọ́n máa pè é, wọ́n á ní mo fẹ́ fi ti ire àwọn àbúrò mi pa. Mo ní áńkáṣíìfù tí mo fi ń nujú ni, mo jù ú sínú báàgì, wọ́n sì kan pósí. Mo rò pé ó parí síbẹ̀.

Kò ju oṣù méjì lọ tí Màmá fi bẹ̀rẹ̀ sí í lálàá. Bàbá wọ aṣọ oko, ọkọ́ wà léjìká wọn, òógùn bò wọ́n, wọ́n ní wọn ò jẹ́ kí àwọn sinmi. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Màmá ò sì rí ère yẹn rí, wọn ò gbọ́ ìtàn rẹ̀ rí. Ẹ mọ àṣà wa, bí òkú bá ń fara hàn nínú aṣọ tí kò yẹ ẹ́, ẹni tó wọṣọ fún un ni wọ́n máa ń bi. Aṣọ òfì ìgbéyàwó wọn ni Màmá gbé fún Bọ́lá pé kó wọ̀ fún Bàbá. Kòkòrò ti jẹ ẹ́ lẹ́yìn, Bọ́lá sì fi léèsì funfun rọ́pò rẹ̀, èmi gan-an ni mo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì dárúkọ mi fún Màmá. Màmá bá di ẹ̀bi ru Bọ́lá pé òun ló sọ Bàbá di alágbàro lọ́run. Bọ́lá ò gbọ́dọ̀ tẹ ilé mọ́. Àbúrò mi gbè sẹ́yìn ìyàwó rẹ̀, òun náà ò wá mọ́. BP Màmá ń gòkè, ààwẹ̀ lórí ààwẹ̀...

Inú ń bí mi. Bàbá tó ń gba oúnjẹ Olúwa láti kékeré, kí ni wọ́n ń wá ẹni tó máa bá wọn roko lọ́run sí? Kí ló dé tó jẹ́ èmi ni wọ́n gbé e fún? Mi ò gbà pé ère ọjà lè dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ó dáa, tí mi ò bá gbà á, kí ló dé tí mi ò lè jù ú sígbó? Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi ní ọ́fíìsì l'Óṣogbo, lábẹ́ fáìlì, kò sí ọjọ́ tí mi ò ṣí i wò. Tí mo bá jẹ́wọ́, Màmá máa ní kí wọ́n hú sàréè tí a ti lẹ táìlì sí. Tí mo bá dákẹ́ ńkọ́?

Sátidé tó ń bọ̀ la fẹ́ ṣe ìrántí ọdún kan, Màmá sì ti ní Bọ́lá àtàwọn ọmọ rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ yọjú. Lánàá Bọ́lá wọ mọ́tò láti Iléṣà wá bá mi níbi iṣẹ́, ó gbé gààrì dání, ó kúnlẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Mo rò pé ẹ̀bẹ̀ ló wá bẹ̀, pé kí n bá òun bá Màmá sọ̀rọ̀. Rárá o. Ó ní, ẹ ṣé o, Àǹtí mi, nínú gbogbo ilé ọkọ mi, ẹ̀yin nìkan ni ẹ ò bá wọn pè mí ní èèyàn burúkú.

Mo gba gààrì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kò tọ́pẹ́. Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sin òbí, ṣé Màmá ni kí n kọ́kọ́ sọ fún ṣáájú Sátidé ni àbí Bọ́lá? Tó bá jẹ́ Bọ́lá, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́ lẹ́yìn tó ti kúnlẹ̀ fún mi?